Ṣé Ó Yẹ Kí A Pa Aláǹtakùn Kí A Tó Lè Mọ̀ Ọ́n?

Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé òun fẹ́ wọ igbó irà tó wà ní ìkáwọ́ yín láti lọ kó aláǹtakùn, kì í ṣe láti tà á, kì í ṣe láti fi ṣe oògùn, bí kò ṣe láti mọ irú èyí tó ń gbé ibẹ̀, kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré. Ta ló ń ka aláǹtakùn sí? Àmọ́ ẹni tó bá wádìí rẹ̀ dé ìdí yóò gbọ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àlejò náà bá kó ni yóò kú sínú ìgò ọtí sípírítì, torí pé ojú lásán kì í sábà lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn onímọ̀ kan ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn mìíràn, tí ìmọ̀ tiwọn náà kò kéré, ní ó ti tó àsìkò kí a jáwọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí n tó sọ ibi tí mo fì sí. Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, tàbí olùṣọ́ igbó, tàbí olórí ẹbí tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpinnu yìí lè já lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Igbó irà ni igbó tí omi kì í fẹ́ẹ̀ gbẹ nídìí igi rẹ̀: ògùrọ̀, àbùrà, àti àwọn igi mìíràn tí gbòǹgbò wọn ti mọ bí a ti ń gbé inú ẹrẹ̀. Èyí tó rọrùn jù fún ará Èkó láti rí ni ti Lekki, níbi tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ti dá ibùdó ìdáàbòbò sílẹ̀ ní 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Wọ́n fi pákó la ọ̀nà gba orí irà náà kọjá, wọ́n sì ṣí afárá orí igi kan tó gùn ní mítà 401 fún àlejò ní 2015. Ọ̀bọ àti ọ̀nì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí wọn lọ. Díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ wo àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ igbó tó bá rí báyìí kò lè ṣe kó má kún fún wọn: aláǹtakùn oríṣiríṣi, àkeekèé, eégbọn, àti àwọn ìbátan wọn kéékèèké tí a kò fún lórúkọ rárá.

Ẹ wo aláǹtakùn apẹja, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nilus, tó wà káàkiri etí omi ní Áfíríkà. Kì í ta àwọ̀n láti fi dẹ ẹran. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ewé mú, á na ẹsẹ̀ iwájú sórí omi, á sì dúró. Bí kòkòrò bá já sínú omi, tàbí bí ẹja wẹ́wẹ́ bá yọjú, ìgbì kékeré tó bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí oúnjẹ wà fún un. Bí ewu bá dé, á sọ̀ kalẹ̀ gba ara ewé wọ abẹ́ omi, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀. Nínú ewé jíjẹrà tó wà lórí ilẹ̀, ìbátan aláǹtakùn kan wà tó ń jẹ́ Ricinoides, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà. Kò ní ojú. Awẹ́ líle kan wà níwájú rẹ̀ tó ń gbé sókè nígbà tó bá fẹ́ jẹun, tó sì ń fi bo ẹnu nígbà tó bá ṣe tán. Abẹ́ awẹ́ yìí ni abo ń gbé ẹyin rẹ̀ sí, ẹyọ kan ṣoṣo, títí yóò fi pa. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ ń ní nígbà tó bá jáde. Ó dìgbà tó bá bọ́ awọ kí ó tó ní mẹ́jọ. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àwọn tó ń kó ẹ̀dá ló ń kọ́kọ́ rojọ́. Wọ́n ní ojú kò tó. Ní oṣù kẹrin 2022, ìwé àkójọ orúkọ aláǹtakùn àgbáyé, tí mùsíọ́ọ̀mù kan ní ìlú Bern lórílẹ̀-èdè Switzerland ń bójú tó, pé ẹ̀yà 50,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó hóró ìrẹsì. Méjì lè jọra ní àwọ̀, kí wọ́n jọra ní ìwọ̀n, kí wọ́n sì jọ máa gbé orí igi kan náà, síbẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti ń hàn ni ẹ̀yà ìbímọ wọn: lára akọ, ṣóńṣó apá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, tó fi ń gbé àtọ̀ fún abo, lára abo, awo líle kan lábẹ́ ikùn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí ohun tí kò tó mìlímítà kan síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ máíkirosíkóòpù nígbà tí ẹni tó ni ín ń sá. Nígbà mìíràn, wọ́n ní láti tú ara abo kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n ń wá. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ aláǹtakùn igbó irà láìpa ọ̀kan, orúkọ díẹ̀ ni yóò bá bọ̀, ìfura ni yóò sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn tó ń tako pípa kò sọ pé irọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló kàn. Aláǹtakùn ńlá tó ń ta òwú aláwọ̀ wúrà láàárín igi méjì, Trichonephila, kò nílò kí ẹnikẹ́ni pa á kó tó dá a mọ̀. Àwòrán méjì tó mọ́, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, ọ̀kan láti ikùn, sábà máa ń tó. Ní 2015, onímọ̀ méjì, Stephen Marshall àti Neal Evenhuis, fún eṣinṣin kan láti Gúúsù Áfíríkà ní orúkọ tuntun láìsí òkú rẹ̀ lọ́wọ́. Àwòrán nìkan ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Yàtọ̀ sí èyí, aláǹtakùn lè pàdánù ẹsẹ̀ kan kó má kú. Bí kò bá tíì dàgbà tán, ẹsẹ̀ náà tilẹ̀ lè hù padà. Ẹsẹ̀ kan sì tó láti yọ DNA. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, wọ́n ní, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ló yẹ kó wá sọ ìdí tí ẹsẹ̀ kan kò fi tó o.

Àwọn tó ń kó ẹ̀dá ní ìdáhùn sí èyí, ó sì wúwo. DNA kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí a ń fi wé òmíràn ni. Bí kò bá sí èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí a ó fi wé, a kàn ní ìlà lẹ́tà kan lọ́wọ́ ni. Àkójọ tí wọ́n ń fi wé e náà kò ti ibì kankan wá bí kò ṣe lára òkú tí ẹnì kan ti pa mọ́, tó sì ti fi máíkirosíkóòpù wò. Ní ti orúkọ inú àwòrán, eṣinṣin 2015 yẹn dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé àwòrán kò lè rọ́pò ẹ̀dá gan-an, torí pé ìbéèrè tí ayàwòrán kò ronú kàn, àwòrán rẹ̀ kò lè dáhùn.

Wọ́n tún ń mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹyin àṣá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ń kó ẹyin ẹyẹ jọ láìní ìdí kan pàtó ju pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Nígbà tí àṣá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, Derek Ratcliffe lọ wọn àwọn ẹyin àtijọ́ wọ̀nyí mọ́ ti ìsinsìnyí, ó sì fi hàn ní 1967 pé èèpo ẹyin ti fẹ́lẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1940, àsìkò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn apakòkòrò DDT sínú oko. Kò sí ẹni tó kó ẹyin náà tó mọ̀ pé ohun tí wọn yóò wúlò fún nìyẹn. Aláǹtakùn tó wà nínú ìgò náà lè rí bẹ́ẹ̀: ó lè sọ fún ọmọ-ọmọ wa ohun tó wà nínú omi irà lọ́dún tí a mú un.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn ìkójọ ní ojú kejì, ojú náà sì burú. Ẹyẹ òkun ńlá kan tí kì í fò, great auk, gbé etí òkun Àtìláńtíìkì rí. Bí ó ṣe ń ṣọ̀wọ́n sí i ni owó tí àwọn olùkójọ ń fi ra òkú rẹ̀ ń ga sí i. Ní 1844, lórí erékùṣù Eldey lẹ́bàá Iceland, wọ́n pa méjì tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a ní ẹ̀rí tó dájú nípa wọn, nítorí àti tà wọ́n fún irú olùkójọ bẹ́ẹ̀. Ní 2014, Ben Minteer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí ẹyẹ yìí nínú ìwé ìròyìn Science nígbà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀dá tó bá ṣọ̀wọ́n, tó sì ń gbé ibi kékeré kan ṣoṣo, kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rí pé ó wà pa á. Igbó irà sì sábà máa ń jẹ́ ibi kékeré kan ṣoṣo. Ilé àti ọ̀nà ti yí hẹ́kítà 78 ti Lekki ká. Ohun tó bá tán nínú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti rìn padà wá.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà lọ́dún yẹn. Luiz Rocha àti àwọn onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìkójọ òde òní kò jọ ti 1844: díẹ̀ ni wọ́n ń mú, àṣẹ ni wọ́n fi ń mú un, pípàdánù ibùgbé ló sì ń pa ẹ̀dá run jù. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá sórí aláǹtakùn, ó tún lágbára sí i. Abo aláǹtakùn kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin. Bí gbogbo wọn bá ń yè, kò ní sí ibi tí a ó gbé ẹsẹ̀ sí. Ohun tó ń pa aláǹtakùn irà ní tòótọ́ ni yanrìn. Ẹni tó bá mọ Lekki ṣáájú kí estéètì tó gba gbogbo rẹ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ: páìpù á máa tú yanrìn òkun jáde, irà á di pẹrẹsẹ, gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan pẹ̀lú ìgò rẹ̀ tó lè ṣe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún irú ìparun bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má ṣe tètè gba èyí tán. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ló ń bí bí aláǹtakùn. Ricinoides tó ń gbé ẹyin kan lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ awẹ́ iwájú rẹ̀ kò lè dí àlàfo lọ́nà tí aláǹtakùn fi ń dí i. Àkeekèé dúdú ńlá, Pandinus imperator, ń lóyún fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn lẹ́yìn tó bá bímọ. Lẹ́ẹ̀kejì, pé ẹlòmíràn ń ṣe ibi tó pọ̀ kò sọ ibi kékeré di rere. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀nà ìkójọ kan wà tí kì í yan ẹni tó ń pa: wọn a fín oògùn sí orí igi láti ìsàlẹ̀, ohun gbogbo á sì máa rọ̀jò sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Nínú ohun tó bá já bọ́, ọmọ aláǹtakùn tí kò tíì dàgbà lè ju ìdajì lọ, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, torí ẹ̀yà ìbímọ tí a fẹ́ wò kò tíì hù lára wọn. Wọ́n kú, a kò sì mọ ohunkóhun sí i.

Lórí èyí, àwọn olùkójọ tó ṣeé bá sọ̀rọ̀ gbà pé ẹ̀bi wà. Wọ́n ní oògùn fífín kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Èèyàn lè fi ọwọ́ àti iná orí wá àgbà aláǹtakùn ní òru, kó gbá ẹ̀ka igi sórí aṣọ funfun, kó mú àgbà méjì mẹ́ta, kó sì da ọmọ padà. Ife tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún àwọn tó ń rìn nílẹ̀ kò tilẹ̀ wúlò púpọ̀ nínú irà, torí omi á kún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ti ilẹ̀ níbẹ̀ yóò ní láti máa jọ ewé pẹ̀lú sùúrù. Bí ó ti wù kó rí, wọn kò ní fi ojú àánú nìkan wo ọ̀rọ̀ náà: bí a bá mú díẹ̀ jù, tí akọ kan kò bá abo rẹ̀ wá, a lè fún ẹ̀yà kan ní orúkọ méjì, àṣìṣe náà á sì wà nínú ìwé fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà onímọ̀ kì í fẹ́ dá sí nígbà kan, tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ mọ́: ṣé aláǹtakùn ń mọ nǹkan lára? Ní 2022, Daniela Rößler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ya fídíò àwọn ọmọ aláǹtakùn afò lóru. Ara àwọn ọmọ náà ṣì mọ́ gaara, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń yí ojú padà nínú orí wọn hàn síta. Wọ́n rí i pé lásìkò ìsinmi, ojú náà ń yí lemọ́lemọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń ká kò, lọ́nà tó jọ ti ẹran tó ń lá àlá. Àwọn olùwádìí náà kò sọ pé aláǹtakùn ń lálàá. Síbẹ̀ lẹ́yìn irú ohun báyìí, ó ṣòro fún ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ láti máa sọ pé ẹ̀rọ lásán ni.

Àwọn tó ń kó ẹ̀dá lè tọ́ka sí òfin. Òfin tí Ìlú Ọba ṣe ní 2022 lórí ẹ̀dá tó ń mọ nǹkan lára gba àwọn ẹran eléegun ẹ̀yìn, akàn àti edé, àti àwọn ìbátan ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ inú òkun wọlé. Kò dárúkọ aláǹtakùn. Wọ́n tún lè sọ, pẹ̀lú òtítọ́, pé ìgbálẹ̀ inú ilé wa ń pa aláǹtakùn lójoojúmọ́ láìsí ìdí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wá. Mo gba apá kan èyí. Pé òfin kò dárúkọ ẹ̀dá kan kò fi hàn pé kò mọ ìrora. Pé a ń fi ìgbálẹ̀ pa á kò sì sọ pé ó dára. Ohun tí àpẹẹrẹ ìgbálẹ̀ fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àánú, kó rántí àánú náà nígbà tó bá padà délé.

Ọ̀rọ̀ òwò náà kò ṣeé fò. Láti Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó àkeekèé dúdú ńlá lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 rí ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ju ẹ̀yà 1,200 lọ lórí àtẹ òwò lágbàáyé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn láìsí òfin àgbáyé tó ń ṣọ́ wọn. Àwọn tó ń tako ìkójọ ń bẹ̀rù pé ìwé onímọ̀ tó bá kọ orúkọ ẹ̀yà tuntun àti ibi tí ó wà sílẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún oníṣòwò. Ìbẹ̀rù náà kò ṣófo. Àmọ́ ohun kan náà lè gba ibòmíràn wo: àkeekèé dúdú yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá igbó, láti 1995, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kó o jáde ní láti gba ìwé àṣẹ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Òfin kò lè dáàbò bo ohun tí kò ní orúkọ.

Níbi yìí, ẹ lè rò pé òṣùwọ̀n ti fì sápá kan. Ó kù síbìkan: ibo ni òkú náà ń lọ? Ọ̀pọ̀ aláǹtakùn Áfíríkà tí a fi ṣe ẹ̀rí orúkọ àkọ́kọ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Párísì, Berlin àti Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ òun jọ ti ibẹ̀ yóò kọ lẹ́tà, tàbí kó wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Àdéhùn Nagoya ti 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, gbìyànjú láti tún èyí ṣe: kí ẹni tó bá fẹ́ lo ohun inú ara ẹ̀dá orílẹ̀-èdè kan gba àṣẹ, kí onílẹ̀ sì ní ìpín nínú èrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni fífi gbogbo rẹ̀ sí ilé náà kì í ṣe ìdáhùn tó pé. Ọtí sípírítì ń fà. Bí kò bá sí ẹni tó ń bù sí i, òkú á gbẹ, á sì di aláìwúlò. Ilé ńlá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: ní oṣù karùn-ún 2010, iná jó ilé àkójọ Butantan ní São Paulo, òkú ejò, aláǹtakùn àti àkeekèé tí wọ́n ti ń kó fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sì ṣòfò lọ́jọ́ kan. Mùsíọ́ọ̀mù wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ibùdó àkójọ kòkòrò ti IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà ní Abomey-Calavi ní Benin. Ìbéèrè tó yẹ ni bóyá owó àti ọwọ́ tí yóò máa tọ́jú ohun tí a bá gbé síbẹ̀ wà.

Ṣé orúkọ tilẹ̀ ń gba igbó là? Ní 2008, Piotr Naskrecki fún Ricinoides kan láti igbó Atewa ní Gánà ní orúkọ igbó náà. Irú àwọn ẹ̀dá báwọ̀nyí wà lára ohun tí àwọn tó ń tako ìwakùsà bauxite níbẹ̀ ń tọ́ka sí: ohun tó wà níhìn-ín kò sí níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo tí kì bá tí ní láìsí àkójọ. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí Atewa ṣì ń lọ lẹ́yìn orúkọ náà. Orúkọ ń fún agbẹjọ́rò ní ohun tó máa sọ. Kì í dá katapílà dúró fúnra rẹ̀.

Ó ku ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn igbó kan wà tí ìlú kò gbà kí a mú ohunkóhun jáde níbẹ̀, ìbáà ṣe igi gbígbẹ. Ẹlòmíràn lè ní ìmọ̀ sàn ju èèwọ̀ lọ. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, kó ronú pé èèwọ̀ náà ló pa igbó mọ́ títí tí onímọ̀ fi bá a láàyè. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í dúró níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá ti ń ta ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Ibi tí èèwọ̀ bá ti ṣì lágbára, mo gbà pé ó yẹ kí onímọ̀ gba èsì bẹ́ẹ̀ kọ́ láìjiyàn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ibi tí mo fì sí rèé. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà lójú mi ni ipò tí igbó fúnra rẹ̀ wà. Nínú igbó irà tí ọwọ́ ìdáàbòbò ti bò dáadáa, tí a lè padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀ àti lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sí ìdí fún ìkánjú. Ká fi àwòrán bẹ̀rẹ̀, ká fi ẹsẹ̀ kan wá DNA, ká jẹ́ kí àkójọ náà dàgbà díẹ̀díẹ̀, ká sì pa kìkì èyí tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀. Àmọ́ nínú igbó tí yanrìn ń bọ̀ wá bá, níbi tí ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti jáde tàbí tí páìpù ti dé etí omi, kíkọ̀ láti mú àgbà díẹ̀ kò gba ẹ̀mí kankan là. Ohun tó ń gbà kúrò lọ́wọ́ wa ni ẹ̀rí pé wọ́n gbé ibẹ̀ rí, àti ọ̀rọ̀ tí a lè fi bá àwọn tó ni páìpù jà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì. Níbẹ̀, èmi yóò gbà kí wọ́n kó, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo gbà yìí ní iye tí yóò náni: àwọn ẹ̀dá tó lè máa mọ nǹkan lára yóò kú nítorí ìrètí kan tó lè má ṣẹ.

Nítorí iye yẹn ni àṣẹ náà fi gbọ́dọ̀ ní ìdè. Àgbà nìkan, kí ọmọ padà sórí igi. Kò sí oògùn fífín ní igbó kékeré. Èyí tó ń bí díẹ̀, irú Ricinoides, kó jẹ́ ẹyọ kan akọ, ẹyọ kan abo, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ̀yà tí oníṣòwò ń wá wà, kí a má kọ ọ́ sílẹ̀ lójú pópó. Kí ìdajì ohun tí a kó wà nínú orílẹ̀-èdè tó ti wá, lọ́dọ̀ ẹni tí owó ọtí sípírítì rẹ̀ dájú, kí ìyókù sì wà níbòmíràn nítorí iná.

Ẹni tó bá fì sí apá kejì lẹ́yìn tó ka gbogbo èyí kò ṣì í. Ó kàn ka ẹ̀mí tó wà láàyè lónìí sí ju ìmọ̀ tó lè wúlò lọ́la lọ ni, n kò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bì í ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ìpinnu bá já lé yín lọ́wọ́, ẹ bi àlejò náà ní ìbéèrè méjì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀: ta ni yóò máa bójú tó ìgò wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àti èwo nínú àwọn ọmọ wa ni ẹ máa kọ́ láti kà wọ́n? Bí kò bá ní ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ ní kó fi kámẹ́rà rẹ̀ nìkan wọlé.